Ìgbéyàwó Àbáláyé ní Ilẹ̀ Látfíà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, “Bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni.” Òwe yìí kọ́ wa pé kí a má ṣe fi ojú ilé tiwa wo ohun tí a bá rí ní ilé onílé. Síbẹ̀, àwọn nǹkan kan wà tí ó jẹ́ pé, bí a bá tilẹ̀ bá wọn pàdé ní òkè òkun, ọkàn wa yóò ti dá wọn mọ̀ kí ojú wa tó rí wọn tán. Ọ̀kan nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni ìgbéyàwó. Nínú àyọkà yìí, a ó sọ bí àwọn ará ilẹ̀ Látfíà tí wọ́n di ẹ̀sìn àbáláyé wọn mú ṣe ń gbé ìyàwó, àti ohun tí àlejò tí wọ́n bá pè síbẹ̀ yóò fi ojú rẹ̀ rí. A ó sì tún sọ bí àṣà náà ṣe bọ́ lọ́wọ́ ìparun, nítorí pé ìtàn yẹn gan-an ni ó fún gbogbo orin àti ijó ibẹ̀ ní ìtumọ̀.

Ilẹ̀ Látfíà wà ní etí Òkun Báltíkì, ní apá àríwá ilẹ̀ Yúróòpù. Ilẹ̀ Ẹstóníà wà ní àríwá rẹ̀, Lituéníà wà ní gúúsù rẹ̀, Rọ́ṣíà àti Bẹ̀lárúsì sì wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀. Orílẹ̀-èdè kékeré ni. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò tó mílíọ̀nù méjì. Rígà ni olú ìlú wọn, odò ńlá tí ó sì ń ṣàn kọjá níbẹ̀ ni Daugava. Igbó bo nǹkan bí ìdajì ilẹ̀ náà. Ní ìgbà òtútù, yìnyín a bo ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà ọdún, oòrùn kì í fẹ́ wọ̀, òru a sì kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá ń jó kò ní mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Abájọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi fẹ́ràn láti gbé ìyàwó ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn.

Kí àwọn Kírísítẹ́nì tó dé, àwọn ènìyàn yìí ní ẹ̀sìn tiwọn. Ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá, àwọn bíṣọ́ọ̀bù àti àwọn jagunjagun ilẹ̀ Jámánì gbé àgbélébùú àti idà wọ ibẹ̀ papọ̀. Ní ọdún 1201 ni Bíṣọ́ọ̀bù Albert tẹ ìlú Rígà dó. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1290, wọ́n ti ṣẹ́gun gbogbo àwọn ẹ̀yà tí ó wà ní ilẹ̀ náà. Láti ìgbà náà ni ilẹ̀ ti di ti àwọn àjèjì, àwọn ọmọ onílẹ̀ sì wá di àgbẹ̀ tí ó ń sin olówó ilẹ̀. Ìsìnrú yìí le tó bẹ́ẹ̀ tí àgbẹ̀ kò lè fi ilẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀, bí ó bá sì fẹ́ gbéyàwó pàápàá, ọ̀rọ̀ ọ̀gá ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Ọdún 1817 ni a tó fi òpin sí i ní apá Kurzeme, ọdún 1819 ní apá Vidzeme, àti ọdún 1861 ní apá Latgale.

Ẹ wá wò ó, ẹ̀yin ọ̀dọ́: ènìyàn tí kò ní ilẹ̀, tí kò ní ìwé, tí kò sì ní agbára, kí ni ó lè fi pa àṣà rẹ̀ mọ́? Orin ni àwọn ará Látfíà fi pa á mọ́. Daina ni wọ́n ń pe orin wọ̀nyí. Orin kúkurú ni daina. Ìlà mẹ́rin ni ó sábà máa ń ní, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì máa ń ṣe ṣókí bí òwe. Àwọn obìnrin ni ó ń kọ ọ́ jù: wọ́n ń kọ ọ́ nídìí ọlọ, wọ́n ń kọ ọ́ nídìí òfì, wọ́n sì ń fi í rẹ ọmọ. Wọ́n lé àwọn òrìṣà kúrò ní ojúbọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè lé wọn kúrò ní ẹnu ìyá tí ó ń rẹ ọmọ rẹ̀.

Ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Krišjānis Barons, tí a bí ní ọdún 1835 tí ó sì kú ní ọdún 1923, ni ó lo ọ̀pọ̀ ọdún láti to àwọn orin yìí lẹ́sẹẹsẹ. Àwọn ènìyàn láti ìlú àti abúlé a máa kọ ohun tí wọ́n bá gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ránṣẹ́. Barons a sì kọ wọ́n sórí ewé tákàdá kéékèèké, a tò wọ́n sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí ó ní ọ̀pọ̀ dúróà. Láàárín ọdún 1894 sí ọdún 1915, ó tẹ wọ́n jáde nínú ìwé ńlá tí ó pè ní Latvju dainas. Iye orin tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́ 217,996. Ní ọdún 2001, àjọ UNESCO ka kọ́bọ́ọ̀dù náà mọ́ àwọn ìwé ìrántí tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ dá sí. Orin ìgbéyàwó pọ̀ nínú wọn jọjọ, àwọn ni ó sì sọ fún àwọn ènìyàn òde òní bí àwọn baba ńlá wọn ti ṣe ń fẹ́ ara wọn.

Láti inú àwọn orin yìí ni Ernests Brastiņš, ẹni tí ó jẹ́ ayàwòrán, ti rí ọ̀nà láti gbé ẹ̀sìn àbáláyé dìde. Ní àárín ọdún 1925 sí 1926 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí a ń pè ní Dievturi, èyí tí ó túmọ̀ sí àwọn tí ó di Dievs mú. Dievs ni Olú-ọ̀run wọn. Yàtọ̀ sí i, wọ́n ń bọ Māra, ẹni tí ó ni ilẹ̀ àti ohun gbogbo tí a lè fọwọ́ kàn, àti Laima, ẹni tí ó ń yan ìpín fún ènìyàn. Laima ni ó ṣe pàtàkì jù lọ níbi ìgbéyàwó, nítorí òun ni wọ́n gbà pé ó wà ní ẹ̀gbẹ́ obìnrin nígbà tí a bí i, nígbà tí ó ń lọ ilé ọkọ, àti nígbà tí òun náà bá ń rọbí.

Ṣùgbọ́n ìdùnnú ẹgbẹ́ yìí kò pẹ́. Ní ọdún 1940, àwọn ọmọ ogun Sófíẹ̀tì gba ilẹ̀ Látfíà. Wọ́n mú Brastiņš ní ọdún yẹn, wọ́n gbé e lọ sí ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ibẹ̀ ni wọ́n sì pa á sí ní ọdún 1942. Nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn kan bá ẹ̀wọ̀n lọ; àwọn mìíràn sá lọ sí òkè òkun, àbúrò rẹ̀ Arvīds Brastiņš sì ń bá iṣẹ́ náà lọ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tí okùn ìjọba Sófíẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀, ẹgbẹ́ náà tún gbérí nílé. Ní ọdún 1991, Látfíà gba òmìnira rẹ̀ padà, nígbà tí ó sì di ọdún 2017, wọ́n ṣí ojúbọ kan ní Lokstene, ní erékùṣù kan láàárín odò Daugava.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a lọ sí ibi ìgbéyàwó.

Ìmúrasílẹ̀ kì í ṣe ohun ọ̀sẹ̀ kan. Láyé àtijọ́, láti kékeré ni ọmọbìnrin ti máa ń kó ẹrù sínú àpótí ìgbéyàwó rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní pūrs. Ohun tí ó ń kó sínú rẹ̀ ni aṣọ ọ̀gbọ̀, ìborùn, ìbọ̀sẹ̀, ọ̀já híhun, àti pàápàá jù lọ, ìbọ̀wọ́ tí a fi òwú irun àgùntàn hun. Àwòrán ni ó kún ara ìbọ̀wọ́ náà: òmíràn ń tọ́ka sí oòrùn, òmíràn sí ìràwọ̀ òwúrọ̀, òmíràn sí Jumis, ẹni tí ó ni ìbísí oko. Ẹni tí ó bá wo ìbọ̀wọ́ ọmọbìnrin yóò mọ bí ọwọ́ rẹ̀ ti dá ṣáṣá tó, àti bí ó ti ní sùúrù tó. Ní òru ìgbà òtútù, nígbà tí kò sí iṣẹ́ oko, ni wọ́n ń jókòó hun wọ́n, orin a sì máa bá abẹ́rẹ́ lọ.

Nígbà tí ọjọ́ bá pé, àwọn ènìyàn ọkọ yóò gbéra láti lọ mú ìyàwó wá. Àwọn tí ó ń ṣíwájú wọn ni wọ́n ń pè ní vedēji, èyíinì ni àwọn amúniwá. Ní òde òní, tọkọtaya kan tí ilé wọn tòrò ni a ń yàn sí ipò yìí. Àwọn ni yóò darí gbogbo ètò, àwọn ni ọkọ àti ìyàwó yóò sì máa tọ̀ lọ fún ìmọ̀ràn lẹ́yìn ọ̀la. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mú ìyàwó lọ, àwọn ará ilé rẹ̀ yóò tẹ̀lé e bí ẹni tí ń lépa olè. Wọ́n ń pe àwọn yìí ní panāksnieki, àwọn alébá. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan sọ pé ìrántí ayé ìgbà kan ni èyí, nígbà tí ọkùnrin máa ń fi ipá gbé ọmọbìnrin lọ tí àwọn arákùnrin rẹ̀ sì máa ń dira ogun tẹ̀lé e. Lónìí, orin nìkan ni ohun ìjà.

Ogun orin yìí ni ó máa ń pa àlejò lẹ́rìn-ín jù. Apdziedāšana ni wọ́n ń pè é. Àwọn ará ilé ọkọ yóò tò sí apá kan, àwọn ará ilé ìyàwó yóò sì tò sí apá kejì. Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú yóò dá orin, àwọn yòókù a sì máa gbè é. Wọn yóò kọrin pé àwọn ará ọ̀hún jẹun bí ẹni tí ebi ti pa láti ìdunta, pé ẹṣin wọn rù, pé aṣọ tí wọ́n wọ̀ wá kì í ṣe tiwọn. Kíá ni àwọn kejì yóò ti fèsì. Ẹni tí kò bá lè fèsì ni a ti ṣẹ́gun. Òfin kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bínú. Nígbà tí ó bá yá, wọn yóò kọ orin ìlàjà, wọn yóò sì jọ mu nínú ife kan náà. Bí a bá ronú jinlẹ̀, a ó rí i pé ọgbọ́n ńlá ni èyí. Ìdílé méjì tí kò mọ ara wọn rí gbọ́dọ̀ ní ìfura sí ara wọn. Orin èfẹ̀ yìí ni ó ń tú ìfura náà jáde, kí ó má baà di ìjà lẹ́yìn ọ̀la.

Àlejò tí a bá pè kò gbọdọ̀ lọ ní ọwọ́ òfo. Bí ó bá mú òdòdó lọ, kí ó kà á dáradára kí ó tó di í ní ìdì. Mẹ́ta, márùn-ún tàbí méje ni ó yẹ ìgbéyàwó. Méjì, mẹ́rin tàbí mẹ́fà, ti òkú ni. Bákan náà ni kí ó má ṣe jẹ́ kí ó ya òun lẹ́nu bí ó bá rí i pé wọ́n ti fi igi àti ewé dí ojú ọ̀nà. Àwọn aládùúgbò àti àwọn ọ̀rẹ́ ni ó ń ṣe ẹnu ọ̀nà ọlá bẹ́ẹ̀, wọn kò sì ní jẹ́ kí ọkọ àti ìyàwó kọjá títí wọn yóò fi ṣe iṣẹ́ tí wọ́n bá yàn fún wọn, tàbí kí wọ́n fi ọtí àti nǹkan dídùn tọrọ ọ̀nà.

Níbi ààtò ìsopọ̀ gan-an, iná ni ó wà ní àárín. Ó lè jẹ́ abẹ́ igi óákù, ó lè jẹ́ etí odò, ó sì lè jẹ́ orí òkè tí àwọn ará àtijọ́ fi ṣe odi. Nínú orin wọn, igi óákù dúró fún ọkùnrin, igi líńdẹ́nì sì dúró fún obìnrin. Nítorí náà ni a fi máa ń rí ewé àwọn igi méjèèjì níbi ọ̀ṣọ́. Ìyàwó a dé adé, aṣọ funfun a wà lára rẹ̀ pẹ̀lú ìborùn tí a fi páànù fàdákà kan mọ́ àyà. Wọ́n a máa ta kokle, ohun èlò olókùn tí ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òjò alẹ́. Wọn a pe Dievs, Māra àti Laima, wọn a fi oúnjẹ díẹ̀ fún iná, wọn a sì fi ọ̀já híhun so ọwọ́ ọkọ àti ìyàwó pọ̀. Ọ̀já tí ó lókìkí jù ni ti Lielvārde, pupa lórí funfun, tí àwòrán ara rẹ̀ ń yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ayé ènìyàn ti ń yí padà.

Bí wọ́n bá dé ilé, búrẹ́dì àti iyọ̀ ni a ó kọ́kọ́ fi pàdé wọn. Láyé àtijọ́, ìyàwó kò ní jókòó kí ó tó kí ilé náà pẹ̀lú ẹ̀bùn. Yóò fi ìbọ̀wọ́ tàbí ọ̀já sí ìdí ààrò, yóò fi òmíràn sí ẹ̀bá kànga, yóò fi sí ilé ẹran, yóò sì so ó mọ́ igi inú ọgbà. Ìyá ọkọ, baba ọkọ àti àwọn àbúrò ọkọ, olúkúlùkù ni yóò gba tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àpótí tí ó fi ọdún púpọ̀ kún yóò ṣe ṣófo ní ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n kò sí igun kan nínú ilé náà tí kò ti ní mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni jíjẹ àti mímu: búrẹ́dì dúdú tí a fi ọkà ráì ṣe, wàràkàṣì, àkàrà òyìnbó kéékèèké tí a fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sí nínú, oyin, àti bíà tí a fi ọkà bálì pọn.

Nígbà tí ó bá di ọ̀gànjọ́ òru, ariwo yóò rọlẹ̀. Àkókò tó láti ṣí adé. Mičošana ni orúkọ ààtò yìí, òun sì ni òkè gbogbo ìgbéyàwó náà. Lójú àwọn ará àtijọ́, adé ni àmì ọmọge. Obìnrin tí ó ti ní ọkọ kò tún lè dé e mọ́. Wọn yóò gbé àga kalẹ̀ fún ìyàwó láàárín agbo. Àwọn ọmọge a yí i ká, wọn a máa kọrin, bí ẹni pé wọn kò fẹ́ kí ó kúrò lọ́dọ̀ wọn. Àwọn abilékọ náà a máa kọrin, wọ́n ń pè é sí ọ̀dọ̀ tiwọn. Nígbẹ̀yìn, a ó ṣí adé kúrò lórí rẹ̀, a ó sì wé gèlè àwọn abilékọ fún un. Ìyá ọkọ ni ó sábà máa ń ṣe é. Adé náà a máa ti orí ọmọge kan bọ́ sí orí èkejì bí wọ́n ti ń jó. Ní òde òní, wọ́n a máa dé fìlà fún ọkọ pẹ̀lú, nítorí òun náà ti kúrò ní ẹgbẹ́ àpọ́n. Lẹ́yìn náà, wọ́n a máa mú iná láti ọwọ́ àwọn òbí tan iná ààrò ilé tuntun.

Ibẹ̀ ni omijé máa ń bọ́. Kì í ṣe gbogbo orin ìgbéyàwó wọn ni ó jẹ́ orin ayọ̀. Bí ìyàwó tiwa ní Ọ̀yọ́ ti ń sun ẹkún ìyàwó, bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó inú daina a máa dárò ilé baba rẹ̀, nítorí pé ilé àjèjì ni ó ń lọ. Ẹni tí àwọn orin náà ṣàánú jù ni ọmọ òrukàn. Òun kò ní ìyá tí yóò kó àpótí fún un, kò sì ní ẹni tí yóò di irun rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn orin náà kì í fi í sílẹ̀ ní òun nìkan: Laima fúnra rẹ̀ ni ó ń wá ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, oòrùn sì di ìyá fún un. Àwọn ènìyàn tí wọ́n jẹ́ ẹrú lórí ilẹ̀ baba wọn fún ọ̀pọ̀ ìran mọ ohun tí ọmọ òrukàn jẹ́. Bóyá ara wọn ni wọ́n ń kọrin bá wí, ara wọn náà sì ni wọ́n ń tù nínú.

Ẹnìkan lè béèrè pé, “Ǹjẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe é ní ọdún 1200 gan-an ni wọ́n ṣe ń ṣe é lónìí?” Ìdáhùn ni pé, rárá. Ọ̀pọ̀ nǹkan ti sọnù, àwọn Dievturi sì ní láti tún wọn hun pọ̀ láti inú orin. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan tilẹ̀ sọ pé orúkọ Māra wá láti ara Màríà tí àwọn ìjọ Àgùdà ń bọlá fún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ará Látfíà tí ó ń ṣí adé ní ọ̀gànjọ́ òru jẹ́ Kírísítẹ́nì tí ó ti kọ́kọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọ̀sán. Ṣùgbọ́n èyí kò sọ àṣà náà di irọ́. Aṣọ tí a tún rán kì í ṣe aṣọ tí a jí; ẹni tí ó rán an ti fi hàn pé òun kò fẹ́ kí ó di àkísà.

Ẹ̀kọ́ wo ni ó wà níbẹ̀ fún wa? Bí kì í bá ṣe pé àwọn ènìyàn fi etí sílẹ̀ sí àwọn ìyá àgbà, tí wọ́n sì fi gègé kọ ohun tí wọ́n gbọ́, àwọn orin 217,996 ìbá ti bá àwọn ìyá náà wọ ilẹ̀ lọ. Kò sí ọba tí ó pàṣẹ fún wọn. Àwọn olùkọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ọmọ àgbẹ̀ wà lára àwọn tí ó ṣe é. Nígbà tí ẹ bá padà sí ilé ní àkókò ìsinmi, ẹ jókòó ti ìyá yín àgbà, kí ẹ béèrè orin tí wọ́n fi sìn ín lọ sí ilé ọkọ. Kí ẹ mú ìwé àti gègé dání.